Bí Wọ́n Ṣe Ń Yẹ Pátẹ́ǹtì Wò: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Fọ́nrán Dígí

Nígbà tí dókítà bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe inú aláìsàn láìfi ọ̀bẹ kàn án, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò kì bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí tí yóò fi dé àpòlúkù. Láti nǹkan bí ọdún 1960 títí di ìgbà tí kámẹ́rà kékeré gba iṣẹ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán dígí ló ń wà nínú rọ́bà yìí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tín-ín-rín ju irun orí lọ. Àwọn fọ́nrán náà ni wọ́n ń gbé àwòrán inú ikùn jáde sí ojú dókítà. Ìbátan wọn ló wà nínú okùn MainOne, tó gba abẹ́ òkun láti orílẹ̀-èdè Portugal wá sí Èkó lọ́dún 2010 láti máa gbé íntánẹ́ẹ̀tì.

Ta ló ni ọgbọ́n dídi fọ́nrán dígí pọ̀ láti fi gbé àwòrán? Láàárín ọdún 1927 sí 1971, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbé ìbéèrè yìí lọ síwájú ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì. Wọ́n já ọ̀kan nínú wọn kulẹ̀ nítorí ìwé àtijọ́ kan. Wọ́n fọwọ́ sí ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kan ti ṣáájú rẹ̀ jáde. Ẹnì kan sì dúró fún ọdún 14 kí wọ́n tó dá a lóhùn. Ohun kan náà ni ìtàn gbogbo wọn ń fi hàn: ọjọ́ tí èrò wọ orí ìwé ló ń sọ̀rọ̀ níwájú òfin, kì í ṣe ọjọ́ tó wọ orí ènìyàn.

Ohun tí à ń pè ní pátẹ́ǹtì

Pátẹ́ǹtì ni ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tó bá dá nǹkan tuntun sílẹ̀, pé fún iye ọdún kan, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan náà, kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ lò ó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bùn ọ̀fẹ́. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ tú àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá nínú ìwé, kí àwọn tó kù lè máa ṣe é nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé. Ènìyàn lè gba pátẹ́ǹtì fún ohun èlò fúnra rẹ̀, ó sì lè gbà á fún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ohun èlò náà.

Nínú ìwé tí ènìyàn máa ń kọ ránṣẹ́, àlàyé iṣẹ́ wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó le jù ni ibi tí olùbéèrè ti ń to ohun tó sọ pé òun nìkan ló ni, lẹ́yọ lẹ́yọ, bí ẹni ń gbin pèrègún sí ààlà ilẹ̀. Bí ó bá gbin pèrègún náà jìnnà jù, yóò wọ inú ilẹ̀ onílẹ̀. Bí ó bá gbìn ín súnmọ́ ilé jù, àwọn ẹlòmíràn yóò máa dáko sí ohun tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ olùyẹ̀wò ni láti rin ààlà yìí. Ìbéèrè mẹ́rin ló máa ń bi ara rẹ̀. Èkíní, ǹjẹ́ nǹkan yìí jẹ́ tuntun, àbí ẹnì kan ti kọ nípa rẹ̀ níbì kan rí? Èkejì, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ tuntun, ṣé kì í ṣe ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa lè ronú kàn láìṣe wàhálà? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ó wúlò? Ẹ̀kẹrin, ǹjẹ́ àlàyé tó wà nínú ìwé náà tó kí ẹlòmíràn fi ṣe é? Bí ọ̀kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kọ̀wé padà. Olùbéèrè yóò fèsì, yóò dín ààlà rẹ̀ kù, olùyẹ̀wò yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa bá a lọ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

Ìdí tí fọ́nrán fi nílò aṣọ

Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú fọ́nrán dígí láti ìpẹ̀kun kan, yóò máa ta lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò máa ta padà sínú, títí yóò fi jáde ní ìpẹ̀kun kejì, bí fọ́nrán náà tilẹ̀ tẹ̀. Bí a bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán pọ̀, tí ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun kan kò yàtọ̀ sí ipò rẹ̀ ní ìpẹ̀kun kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbé tóótóó kan nínú àwòrán, gbogbo wọn yóò sì gbé àwòrán náà jáde lódidi.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé níbi tí fọ́nrán méjì tó wà níhòòhò bá ti fara kanra, ìmọ́lẹ̀ yóò jò láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Àwòrán yóò wá dàrú, bí ìgbà tí omi kán sórí ìwé tí a fi tàdáwà kọ. Ohun tó wo àrùn yìí ni kí a fi nǹkan mìíràn tó mọ́ gaara wọ fọ́nrán kọ̀ọ̀kan láṣọ, nǹkan tí agbára rẹ̀ láti tẹ ìmọ́lẹ̀ kéré sí ti dígí tó wà nínú. Aṣọ yìí ni gbogbo ìjà náà dá lé lórí.

Ìwé Hansell

Lọ́dún 1927, Clarence Hansell, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà, béèrè fún pátẹ́ǹtì lórí ìdì fọ́nrán dígí tí yóò máa gbé àwòrán láti ibì kan dé ibòmíràn. Wọ́n fún un lọ́dún 1930. Kò sí ọ̀rọ̀ aṣọ kankan nínú ìwé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ RCA kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun títà.

Lọ́dún 1930 yìí kan náà, Heinrich Lamm, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní ìlú Munich ní Jámánì, di fọ́nrán dígí pọ̀, ó sì fi gbé àwòrán wáyà tó ń tàn nínú gílóòbù iná. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó fi ìdì fọ́nrán gbé àwòrán ní tòótọ́, ohun tó sì ń lé ni bí dókítà yóò ṣe rí inú ara. Nígbà tó fẹ́ gba pátẹ́ǹtì, ó rí i pé Hansell ti wà níwájú. Hansell kọ̀wé, kò ṣe é. Lamm ṣe é, kò tètè kọ̀wé. Ẹni tó kọ̀wé ni òfin mọ̀.

Ogún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, lọ́dún 1951, Holger Møller Hansen, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark, kọ ìwé tirẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì ilẹ̀ wọn. Ó ti ronú kan ohun tí Hansell kò ronú kàn: ó ní kí wọ́n fi ohun tó mọ́ gaara, tí kì í tẹ ìmọ́lẹ̀ tó dígí, wọ àwọn fọ́nrán náà láṣọ. Wọ́n kò fún un. Ìwé Hansell ni wọ́n fi dí i lọ́nà. Aṣọ tó jẹ́ tuntun nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ ìdì fọ́nrán tó ti di ohun àtijọ́. Ìdí nìyí tí àwọn agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ pátẹ́ǹtì fi máa ń kìlọ̀ pé kí olùbéèrè ya ohun tó jẹ́ tuntun sọ́tọ̀ kedere kúrò lára ohun tí ayé ti mọ̀, kí ó sì gbin pèrègún rẹ̀ yí ohun tuntun náà ká.

Ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ kan ní Holland

Ọdún 1951 yìí náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham van Heel ti ìlú Delft ní Holland lọ bá Brian O'Brien, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà. Ìjọba Holland nílò ẹ̀rọ tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi fi ń wo òkè, van Heel sì ń gbìyànjú láti fi ìdì fọ́nrán ṣe é, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń jò. O'Brien ló sọ fún un pé kí ó wọ̀ wọ́n láṣọ. Van Heel padà sílé, ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé òótọ́ ni.

O'Brien kò tètè kọ ìwé pátẹ́ǹtì. Lọ́dún 1953, ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ American Optical, níbi tí iṣẹ́ sinimá aláwòrán fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Todd-AO ti gba gbogbo àkókò rẹ̀. Van Heel ní tirẹ̀ fi àròkọ kúkurú ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Nature ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kí ti Nature tó jáde, ó ti tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ sínú De Ingenieur, ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ tó wà fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Holland, lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1953. Ti Nature jáde lọ́jọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1954. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1954 ni ìwé O'Brien tó wọ ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta ọdún 1958.

Níbí ni kí òǹkàwé ti fọkàn sí ìṣirò. Òfin Amẹ́ríkà nígbà náà fún ènìyàn ní ọdún kan péré: ohunkóhun tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde níbikíbi láyé, ní èdè yòówù, tó ju ọdún kan lọ kí ìbéèrè tó wọlé, pátẹ́ǹtì kò tọ́ sí i mọ́. Láti ọjọ́ Nature sí ọjọ́ tí O'Brien kọ̀wé, kò pé oṣù 11. Ìyẹn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ De Ingenieur, ó ti lé ní oṣù 17. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ẹnu O'Brien ni ọgbọ́n náà ti jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Holland ni wọ́n fi kọ ìwé ìròyìn náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà kò sì lè kà á, òfin kò wo ìyẹn. Ìwé tí ọ́fíìsì ìjọba buwọ́ lù lè tipa bẹ́ẹ̀ di asán níwájú adájọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró fún ọdún 14

Ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, dókítà Basil Hirschowitz àti onímọ̀ físíìsì Wilbur Peters ń wá bí wọn yóò ṣe rí inú àpòlúkù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Lawrence Curtiss ló ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1956, Curtiss ki ọ̀pá dígí bọ inú ihò ọ̀pá dígí mìíràn tí agbára rẹ̀ láti tẹ ìmọ́lẹ̀ kéré sí i. Ó yọ́ àwọn méjèèjì pọ̀ nínú iná, ó sì fà wọ́n di fọ́nrán kan ṣoṣo. Aṣọ àti ara di ọ̀kan, wọn kò sì lè ya mọ́. Wọ́n wé fọ́nrán náà yípo páálí róbótó tí wọ́n fi ń ta ọkà òòtì, kí ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan má baà yí padà, kí wọ́n tó gé e. Ní oṣù Kejì ọdún 1957, Hirschowitz kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà mì fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ló lò ó fún aláìsàn.

Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1957 ni ìwé Curtiss wọ ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1971 ni wọ́n tó fún un. Ẹ̀rọ náà ti wà lọ́jà láti ọdún 1960. Ní gbogbo àkókò tó fi ń dúró, kò sí ẹni tí ó lè pè lẹ́jọ́ lórí pátẹ́ǹtì tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìdúró náà ní èrè tirẹ̀: ọdún 17 láti ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i ni òfin Amẹ́ríkà ń fún oní-pátẹ́ǹtì nígbà náà. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti yí i padà sí ogún ọdún láti ọjọ́ tí ìbéèrè wọlé, kí ìdúró pípẹ́ má baà sọ ẹ̀tọ́ di èyí tó ń pẹ́ títí.

Ìbéèrè kan náà lóde òní

Ìtò fọ́nrán ti di iṣẹ́ ńlá mìíràn báyìí. Fún ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, wọn a máa gbẹ́ ọ̀wọ́ ihò tóóró tó rí bí lẹ́tà V sára dígí tàbí sílíkọ́ọ̀nù, wọn a tẹ́ fọ́nrán kọ̀ọ̀kan sínú tirẹ̀, wọn a fi ìdérí bò wọ́n, wọn a lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọn a sì dán ojú wọn. Fífẹ̀ fọ́nrán kan kò ju ìdá mẹ́jọ mìlímítà kan lọ, nítorí náà bí ọ̀kan bá yà díẹ̀ báyìí, ìmọ́lẹ̀ yóò ṣìnà. Ẹni tó bá béèrè pátẹ́ǹtì lórí irú iṣẹ́ yìí yóò bá ìbéèrè mẹ́rin ìjọ́sí pàdé. Bí ìyàtọ̀ tó mú wá bá jẹ́ pé ó kàn yí gọ́ọ̀mù padà, olùyẹ̀wò lè sọ pé oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti ronú kan ìyẹn.

Ohun tí òfin Nàìjíríà sọ

Òfin pátẹ́ǹtì Nàìjíríà, tó wà láti ọdún 1970, kò gba ọ̀nà kan náà. Ọ́fíìsì tó ń rí sí i máa ń wò ó bóyá ìwé pé, bóyá owó ti wọlé, bóyá àlàyé àti àwòrán wà níbẹ̀. Kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀ láti wádìí bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun ní tòótọ́. Òfin náà sọ ọ́ kedere pé olórí ara rẹ̀ ni ẹni tó gbà á, pé ìjọba kò ṣe onídùúró fún un. Ilé ẹjọ́ ni wọn yóò ti dán an wò bí ìjà bá dé, ilé ẹjọ́ sì lè fagi lé e.

Òfin yìí tún sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì jẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ òun kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kàn án, bí kò bá ṣáà ti jí i. Ohunkóhun tí ayé bá sì ti rí níbikíbi kí ìwé tó wọlé, kì í ṣe tuntun mọ́. Àfààní ọdún kan tí Amẹ́ríkà ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sí níbí. Ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni òfin yọ̀ sílẹ̀, oṣù mẹ́fà péré sì ni. Bí wọ́n bá fún ènìyàn, ogún ọdún ni, bí ó bá ń san owó ọdọọdún rẹ̀ déédéé.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ṣe ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń yọ èkùrọ́ tàbí tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́, tí oníròyìn sì wá bá a láti gbé àwòrán rẹ̀ jáde, ìwé pátẹ́ǹtì ni kí ó kọ́kọ́ lọ fi sílẹ̀. Ìyìn lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ìròyìn náà bá ti jáde ṣáájú, ohun tó sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò padà fi ta kò ó.