Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yà Nínú Ìpolongo Ìbò Ààrẹ, àti Ohun Tí Ojú Àwa Ará Obbo-Ile Ti Rí

Olóòtú ìwé wa ni ó bẹ̀ mí pé kí n kọ ìtàn díẹ̀ fún ti ọdún yìí. Mo mọ̀ pé ìtàn ìtẹ̀dó ìlú tàbí ti oyè ni ó ń retí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kan ní oṣù kejì ọdún 2023, ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò ààrẹ, tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ mí lọ́kàn. Ọmọ ìlú wa méjì, tí baba ńlá wọn jọ dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kọjú ìjà sí ara wọn lójú ìwé WhatsApp ẹ̀ka náà. Ọ̀kan ní ẹni tí kò bá dìbò fún Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí inú Yorùbá. Èkejì dá a lóhùn pé, láti ìgbà wo ni àwọn Yorùbá ti ìsàlẹ̀ ti rántí pé Yorùbá ni àwa náà? Ọ̀rọ̀ di èébú, akọ̀wé sì ti ojú ìwé náà pa. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ tí ẹ̀ka náà ṣèlérí fún ilé ti dúró gbagidi.

Ìdáhùn ẹnì kejì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní gbòǹgbò, gbòǹgbò náà sì jìn ju ọjọ́ orí àwọn tí ń jà lọ.

Èkìtì ni wá. Èdè ẹnu wa ń jẹ́rìí, orúkọ àbísọ wa ń jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní ọdún 1897, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, ilẹ̀ tí Ìlọrin ń nàgà lé lórí ni wọ́n kó pọ̀ mọ́ Àríwá. Báyìí ni àwa, àti Osi, àti Iloffa, àti Eruku, àti àwọn Ìgbómìnà tí ó múlé tì wá, ṣe di ará Òkè Ọya láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa gba odò Ọya kọjá. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ rí odò náà láti ìlú wa, àríwá ni yóò kọjú sí, yóò sì rìn kí ó tó dé ibẹ̀. Ní ọdún 1936 ni ìjọba yọ Ọ̀tún kúrò lábẹ́ Ìlọrin tí wọ́n sì dá a padà sí àárín àwọn Èkìtì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa ṣẹ́kù sí ẹ̀yìn ààlà.

Àwọn àgbà wa kò panu mọ́. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n kọ̀wé. Ní ọdún 1952 Gómìnà John Macpherson dáhùn pé ààlà kò ní í yẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Henry Willink jẹ́ alága rẹ̀ wá gbọ́ ẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní ọdún 1957 sí 1958. Ìwé tí wọ́n kọ kò yẹ ààlà náà, kò sì dá ìpínlẹ̀ tuntun kankan sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń sọ fún wa pé ọmọ ìyá kan ni wá, kí a padà wálé. Ẹgbẹ́ NPC ti Sàdáúnà Ahmadu Bello ń sọ pé ọ̀kan ni Àríwá, láìka ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn sí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn létí. Ó sì yẹ kí n sọ èyí, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ àwọn kan nínú wa: nígbà tí ìjọba Kàdúná ń fi iṣẹ́ ọba àti owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ fún ọmọ Àríwá ṣáájú ẹlòmíràn, àwọn ọmọ Yorùbá ti Ìgbèríko Ìlọrin wà lára àwọn tí ó gbà á, wọn kò sì sọ nígbà náà pé àwọn kì í ṣe ará Àríwá.

Èmi fúnra mi ti jẹ nínú obì náà lọ́nà méjèèjì. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, mo lọ wá iṣẹ́ ní ìlú ńlá kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Akọ̀wé tí ó gba ìwé mi ka orúkọ ìpínlẹ̀ mi, ó gbójú sókè, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin ará Òkè Ọya, ẹ ò ṣe wáṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba yín?” Èdè Èkìtì ni òun àti èmi jọ ń sọ lẹ́nu. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ní ìlú kan lókè lọ́hùn-ún, ipò igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣí sílẹ̀, ó sì kàn mí. Wọ́n fi fún ẹni tí mo ṣáájú dé ibẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn mi ni ó yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ fún mi pé wọ́n ní Yorùbá ni mí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọdún 1979, nítorí pé ọdún náà ni a kọ́kọ́ dìbò fún ààrẹ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn tí ó kọ òfin tuntun náà ti rí ogun abẹ́lé, wọ́n sì ti rí bí ẹgbẹ́ òṣèlú ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣe ba ìjọba àkọ́kọ́ jẹ́. Ìgbìmọ̀ amòye 49, lábẹ́ Olóyè Rotimi Williams, ni ó ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1975 sí 1976. Àwọn aṣojú sì jíròrò lé e lórí ní ọdún 1977 sí 1978. Wọ́n fi lélẹ̀ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ẹ̀yà tàbí ti ẹ̀sìn, àmì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fi èyí hàn. Wọ́n fi lélẹ̀ pẹ̀lú pé ẹni tí yóò jẹ ààrẹ gbọdọ̀ ní ìbò tí ó pọ̀ jù lọ, kí ó sì tún ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ 19 tí ó wà nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ pé òfin lásán lè lé ẹ̀yà jáde nínú ìdìbò, èyí ì bá ti lé e jáde.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Awólọ́wọ̀ ti ẹgbẹ́ UPN kó ju 94 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ìbò; ní Ògùn ó ju 92 lọ. Ní Ímò àti Anambra, kò rí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ Ìgbò ni igbákejì rẹ̀, Philip Umeadi. Azikiwe ni ó kó ibẹ̀, ó ju 80 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Kano wà lọ́wọ́ Aminu Kano, Borno lọ́wọ́ Waziri Ibrahim. Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN nìkan ni ó rí ìbò káàkiri. Ẹgbẹ́ náà ti pín ipò ṣáájú, ààrẹ fún àríwá, igbákejì fún ìlà-oòrùn, alága ẹgbẹ́ fún ìwọ̀-oòrùn. Wọn kò lé ẹ̀yà jáde. Wọ́n kàn gbé àga fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni.

Kwara ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ìpínlẹ̀ wa nígbà náà ní Yorùbá, ó ní Ẹ̀bìrà, ó ní Núpé àti Ìbàrìbá, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó pọ̀ jù. Nínú ìbò 354,605 tí a dì, Shagari ní 190,142, Awólọ́wọ̀ ní 140,006. Èyí túmọ̀ sí pé Awólọ́wọ̀ kò rí tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpínlẹ̀ tí Yorùbá pọ̀ sí jù lọ. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó wà lára ará Oǹdó àti ará Kwara tí ó wà ní bèbè ààlà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwa ti gbé 79 ọdún lábẹ́ òrùlé mìíràn, a ní ọ̀rẹ́, a ní ọ̀gá, a sì ní gbèsè níbẹ̀.

Mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, mo sì rántí ọkọ̀ tí ó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọ ìlú. Ti òwúrọ̀ yóò kígbe pé kí a má ta ẹ̀jẹ̀ wa. Ti ìrọ̀lẹ́, láti inú ẹgbẹ́ mìíràn, yóò kìlọ̀ pé kí a má jẹ́ kí ará Ìbàdàn wá sọ wá di ẹrú. Baba mi gbọ́ méjèèjì, ó ń ṣẹ̀rín. Awólọ́wọ̀ ni ó dìbò fún. Nígbà tí mo dàgbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní ọmọ méje ni òun ní láti fi sílé ẹ̀kọ́, ọkùnrin náà sì ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àbúrò rẹ̀ dìbò fún Shagari: òun ní ẹni tí ó bá jọba ní Ìlọrin àti ní Èkó ni yóò la ọ̀nà wa, kò sì rí ìdí tí ìlú kékeré fi ní láti wà pẹ̀lú àwọn alátakò. Àwọn méjèèjì jọ jẹun ní alẹ́ ọjọ́ tí a ka ìbò. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ẹ̀jẹ̀ nínú wọn.

Èyí tí ó tún yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ ni ti ẹjọ́ tí ó tẹ̀lé e. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12, ó sì ní bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní Kano. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19, ṣé 12 ni tàbí 13? Agbẹjọ́rò tí ó jà fún Shagari pé 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni, Richard Akinjide, ọmọ Ìbàdàn ni. G. O. K. Ajayi, tí ó jà fún Awólọ́wọ̀, Yorùbá ni. Adájọ́ Àgbà tí ó kéde ìdájọ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án pé Shagari ni ó wọlé, Atanda Fatayi-Williams, Yorùbá ni. Kayode Eso, adájọ́ tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, Yorùbá ni òun náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé Yorùbá kan náà ni gbogbo Yorùbá ń gbè lẹ́yìn, ẹ ní kí ó ka ẹjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, M. K. O. Abiola ọmọ Abẹ́òkúta na Bashir Tofa ní Kano tí í ṣe ilé Tofa gan-an, 169,619 sí 154,809. Kwara náà dìbò fún Abiola. Nígbà tí Ọ̀gágun Babangida fagi lé ìdìbò náà ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni ó tó di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Àwọn ènìyàn ń di ẹrù wọn, oníkálukú ń sá lọ sí ìlú baba rẹ̀. Àwọn ọmọ wa kan ti Kaduna àti Kano dé, àwọn mìíràn ti Èkó dé, kò sì sí èyí tí ó mọ ibi tí ewu ti ń bọ̀. Ní ọdún 1999, Yorùbá méjì, Obasanjo àti Falae, ni wọ́n jọ du ipò náà. Ìwọ̀-oòrùn dìbò fún Falae, Kwara fún Obasanjo.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Nígbà tí Barack Obama wọlé ní ọdún 2008, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó pè wá sílé pẹ̀lú ayọ̀. Síbẹ̀ àwọn kan ń tẹnu mọ́ ọn pé a kò bí i níbẹ̀, títí ó fi ní láti gbé ìwé ìbí rẹ̀ síta ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ìwé tí ó sọ pé Hawaii ni a ti bí i. Ní Ivory Coast, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń ṣòwò, òfin ìdìbò ọdún 1994 béèrè pé kí bàbá àti ìyá ẹni tí yóò du ipò ààrẹ jẹ́ ọmọ ibẹ̀, èyí ni ó sì dènà Alassane Ouattara; ogun ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀ ní ọdún 2002, kí ó tó wá di ààrẹ ní ọdún 2011. Nílé níbí, ìjọba lé Shugaba Darman, olórí àwọn aṣòfin tí ó pọ̀ jù ní ilé ìgbìmọ̀ Borno, jáde ní ilẹ̀ yìí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1980 pé ará Chad ni. Ilé ẹjọ́ dá a láre. Ìbéèrè akọ̀wé yẹn lọ́wọ́ mi náà ni gbogbo rẹ̀: ìwé rẹ dà?

Mo padà sí ọdún 2023. Bola Tinubu ni ó wọlé; ó ní 263,572 ní Kwara, Atiku Abubakar ní 136,909. Ní Èkó, níbi tí Tinubu ti ṣe gómìnà, Peter Obi ní 582,454, òun ní 572,606. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà ìdìbò gómìnà Èkó, a lé àwọn kan kúrò ní ibùdó ìdìbò nítorí pé ojú tàbí orúkọ wọn jọ ti Ìgbò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ń jà yẹn ń gbé Èkó. Ó sọ fún mi pé wọ́n bi òun náà léèrè ìlú òun ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ó ní Kwara, ẹni tí ó bi í kò mọ̀ bóyá kí ó jẹ́ kí ó kọjá tàbí kí ó dá a padà.

Mo ti lọ bá àwọn méjèèjì, mo ka ìtàn tí mo kọ yìí fún wọn. Wọ́n gbọ́. Ọ̀kan ni akápò ẹ̀ka náà, èkejì ni alága ìgbìmọ̀ kànga, ìwé báńkì kò sì lè jáde láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Títí di ìgbà tí mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí Olóòtú, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀.