Man O' War Bay: Ibùdó Ọ̀dọ́ tí ó Fi Orúkọ Sílẹ̀ fún Wa

Àgùnbánirọ̀ tí ó bá ti dé ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rí yóò mọ Man O' War: àwọn ni wọ́n ń kọ́ni ní gígun okùn àti fífo ògiri. Orúkọ etí òkun kan ni, lẹ́bàá ìlú Victoria, tí a ń pè ní Limbe láti ọdún 1982, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù.

Ní ọdún 1951, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso Gúúsù Kamẹrúùnù pọ̀ mọ́ Nàìjíríà, ni Alec Dickson dá ibùdó sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kàwé ń sá fún iṣẹ́ ọwọ́. Akọ̀wé kì í fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí òun láṣọ. Wọ́n ń gun Òkè Kamẹrúùnù, tí ó ga ju 4,000 mítà lọ, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ abúlé yìí ni ó ṣe pàtàkì jù.

Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kejì ọdún 1961, Gúúsù Kamẹrúùnù kúrò lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀kọ́ náà bá wa kù: ti òkè wà ní Shere Hills lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, ti òkun wà ní Èkó.

Nínú ètò àgùnbánirọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1973, okùn àti ògiri ṣì wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ibùdó. Iṣẹ́ ìlú ni a yà sọ́tọ̀: ó di ti ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí ibùdó bá ti tú, tí okùn sì ti di ìtàn.