Àmì Kékeré Lójú Kọ̀ǹpútà Ńlá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá ná ọjà ní Ọjà'ba ní Ìbàdàn mọ̀ pé a lè ta ọjá nínú ọjà. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì láìfi àmì sí wọn, ta ni yóò mọ èwo ni èwo? Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká olójú gbàràmù láti máa fi ka Yorùbá kò gbọdọ̀ bèèrè iye owó rẹ̀ nìkan. Ó yẹ kí ó bèèrè bí ojú náà ti mọ́ tó. Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun láàárín wa.

Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì, tí kò jìnnà sí Ọjà'ba, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé. Ní ayé ìgbà náà, ẹnu kò tí ì kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1875 ni àwọn aṣáájú ìjọ pé jọ sí Èkó, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì ṣe alága wọn, láti fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìpinnu, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́. Òjé ni a fi ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé láyé ọjọ́un. Lẹ́tà alámì tí kò bá sí nínú àpótí, atẹ̀wé kò lè ṣẹ̀dá rẹ̀. Lẹ́tà òjé ṣì ni ọba nígbà tí D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn The Yoruba News ní Ìbàdàn ní 1924. Tapuráítà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà gègé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fi àmì sí ìwé wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ kan ní 1974.

Ìbàdàn kan náà ni tẹlifíṣàn ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, 1959. Ìlà ni a fi ń wọn bí àwòrán rẹ̀ ti mọ́ tó. Ìlà 405 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò láti 1936. Ìlà 625 ni Nàìjíríà lò ní tirẹ̀. Ọdún 1964 ni BBC ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìlà 625 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lónìí, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tíntìntín tí a ń pè ní píksẹ́lì ni a ń kà dípò ìlà. Ẹni tí ó bá dúró ní Gbọ̀ngàn Màpó tí ó wo òrùlé Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba lókèèrè, yóò rò pé páànù kan ṣoṣo ni ó bo gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni píksẹ́lì ti í rí bí wọ́n bá kéré tí wọ́n sì sún mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a mú kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 17.3. Bí píksẹ́lì rẹ̀ bá jẹ́ 1920 ní ìbú àti 1080 lóòró, 127 ni yóò wà nínú ínṣì kan. Bí ó bá jẹ́ 3840 àti 2160, yóò di 255. Lẹ́tà tí ó ga ní ìdá mẹ́wàá ínṣì yóò rí píksẹ́lì bíi 13 gbà ní ti àkọ́kọ́, yóò rí bíi 25 gbà ní ti èkejì. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lè fi 13 yẹn ṣe fàájì. Ṣùgbọ́n ọ̀ ti Yorùbá ní àmì lórí, ó ní ara láàárín, ó sì ní àmì lábẹ́. Bí àyè bá há, àmì abẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ ara lẹ́tà, tí ọ yóò sì fara jọ o.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò ní ìnáwó tirẹ̀. Píksẹ́lì 8,294,400 ni ojú kejì yìí ní, ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Ó ń mu bátìrì jù, nǹkan ńlá sì ni èyí níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró sójú kan. Bí a kò bá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó sọ lẹ́tà di ńlá ní ìlọ́po méjì, gbogbo rẹ̀ yóò kéré bí eèrà. Bákan náà, ojú dídára kò lè tún fọ́ǹtì búburú ṣe: bí fọ́ǹtì kò bá mọ ibi tí ó yẹ kí ó gbé àmì ohùn lé orí ẹ, yóò kàn gbé e sí ibi tí kò yẹ ni, kedere.

Síbẹ̀, fún ẹni tí kíkà àti kíkọ Yorùbá jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, àwa rò pé owó náà kò ṣòfò, pàápàá bí ojú kọ̀ǹpútà bá ti tóbi, tí píksẹ́lì díẹ̀ yóò fi fọ́n káàkiri. Kí ó tó sanwó, kí ó ní kí olùtajà ṣí ojú ìwé Yorùbá kan fún òun, kí ó jìnnà sí i bí ó ti máa ń jìnnà bí ó bá ń kàwé, kí ó wá ka ọjà, ọjá, ẹ̀ṣẹ̀ àti ẹsẹ̀ láìyọjú sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá yàtọ̀ sí ara wọn kedere, kí ó rà á.