Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Kíláàsì ní Ìlú Bouaké

Àwọn àgbà Yorùbá a máa sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lójúkojú a máa ní agbára tí ọ̀rọ̀ àránṣẹ́ kò lè ní. Bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ láàárín àwọn tí ń parí ìjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilé-ìwé. Bí a bá mú olùkọ́ kúrò níwájú ọmọ, tàbí tí a mú ọmọ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ni ó kù nínú ohun tí à ń pè ní kíláàsì? Láàárín àádọ́ta ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìbéèrè yìí kan ìlú Bouaké ní Côte d'Ivoire.

Bouaké wà láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, ní nǹkan bí 350 kìlómítà sí àríwá Àbìjàn. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti dé ibẹ̀ ní 1912 ni onírúurú ènìyàn ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ṣòwò. Nínú kíláàsì, ọmọ tí ń sọ Baoulé nílé a máa jókòó ti ọmọ tí ń sọ Dioula, èdè Faransé ni a sì fi ń kọ́ àwọn méjèèjì. Kíláàsì náà ni ó sọ wọ́n di ará kan.

Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, ìṣòro tí ó dojú kọ Côte d'Ivoire ni èyí tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti bá pàdé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1955: ọmọ pọ̀, olùkọ́ tí ó gbẹ̀kọ́ kò tó. Ní Ìbàdàn, a ti dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní 1959, ìrètí wà pé yóò ran ilé-ìwé lọ́wọ́. Ní 1964, orílẹ̀-èdè Niger dán ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n wò ní Niamey. Ṣùgbọ́n Côte d'Ivoire ni ó fi gbogbo ara wọ inú iṣẹ́ náà. Ìjọba Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé, UNESCO àti Báńkì Àgbáyé, kọ́ ibùdó ńlá kan sí Bouaké, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1971 ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, ó sì ń gun kíláàsì kan sí i lọ́dọọdún. Ní abúlé tí kò ní iná mànàmáná, bátìrì ni a fi ń tan ẹ̀rọ náà. Nígbà tí yóò fi di 1980, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ orílẹ̀-èdè náà ni ó ń kẹ́kọ̀ọ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ipò olùkọ́ yí padà. Àwòrán ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ó bá dákẹ́, olùkọ́ a dìde, a tẹ̀ lé ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ó ti Bouaké wá, a sì máa bá àwọn ọmọ tún ẹ̀kọ́ náà sọ. Àwọn kan yọ̀ sí i, nítorí ọmọ oko ń gbọ́ Faransé tí ó dán bí ti ọmọ Àbìjàn. Àwọn mìíràn rò pé a ti sọ wọ́n di igbákejì ẹ̀rọ nínú ilé tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀gá. Àwọn òbí pàápàá ń ráhùn pé ọmọ ń sọ̀rọ̀ já gaara, ṣùgbọ́n pé bí a bá ní kí ó kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò dá múṣé. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fi ẹjọ́ sùn, owó tí ètò náà ń gbà sì wúwo. Ní 1982 ó dópin.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ètò náà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Inú kíláàsì ni ẹ̀rọ náà wà. Ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ń wo àwòrán kan náà lákòókò kan náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pọ̀, wọ́n sì ń ṣàṣìṣe pọ̀. Ohùn ti ọ̀nà jíjìn wá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò tú.

Ìdánwò kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, wọ́n sì fi ṣe olú ibùdó wọn. Ilé-ìwé tì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, sá lọ sí gúúsù. Yunifásítì ìlú náà kó lọ sí Àbìjàn. Ìgbà yìí ni a rí i pé kíláàsì kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Àwọn olùkọ́ díẹ̀ tí kò lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti jáde ilé-ìwé gíga kó àwọn ọmọ jọ, wọ́n sì ń kọ́ wọn. Àwọn òbí ń fún wọn ní ohun tí agbára wọn ká. Ohun tí wọn kò lè fún ọmọ ni ìwé ẹ̀rí. Ìjọba ni ó ni ìdánwò, ìdánwò sì fà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọn kò rí ọ̀nà gòkè. Ní 2007 ni a fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Ouagadougou, tí a sì dáná sun ohun ìjà ní pápá ìṣeré Bouaké ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún náà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ti àrùn Kòrónà. Ní oṣù kẹta 2020, ìjọba ti gbogbo ilé-ìwé pa. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ‘ilé-ìwé mi nínú ilé’, lórí tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá fún àwọn tí ìdánwò àṣejáde ń dúró dè. Ní oṣù karùn-ún, ilé-ìwé ìgbèríko ṣí padà. Ti Àbìjàn, níbi tí àrùn náà ti pọ̀ jù, tẹ̀ lé e.

Àlàfo náà kò gùn bí ti ogun, ṣùgbọ́n ó kọ́ni lọ́gbọ́n. Ní 1971, ẹ̀rọ jẹ́ ti kíláàsì. Ní 2020, ẹ̀rọ jẹ́ ti bàbá ọmọ. Ọmọ tí tẹlifóònù wà nílé rẹ̀ lè kẹ́kọ̀ọ́. Èyí tí ìyá rẹ̀ kò ní owó íntánẹ́ẹ̀tì ń wo ojú ọ̀run. Ogun mú olùkọ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ṣì lè jókòó pọ̀. Àrùn fi olùkọ́ sílẹ̀, ó sì fọ́n àwọn ọmọ ká. Kò sí ọ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí yóò rọra sọ ìdáhùn fún un, kò sì sí olùkọ́ tí yóò rí i lójú rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ kò yé e.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìtàn Bouaké kò sọ pé kí olùkọ́ kórìíra ẹ̀rọ, nítorí ọjọ́ mìíràn lè dé tí ilé-ìwé yóò tún tì. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí olùkọ́ mọ ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ náà tó dé: ta ni ó ní rédíò, ta ni kò ní, àwọn ọmọ wo ni wọ́n lè péjọ sí ìloro kan. Ẹ̀rọ lè gbé ẹ̀kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ènìyàn ni yóò mú un wọlé.