Fáírọ́ọ̀sì inú kọ̀ǹpútà: Èwo ló láàbò jù nínú Windows, Mac àti Linux?

Ẹni tó bá mọ Mowe àti Ibafo lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó sì mọ Ifo lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, yóò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ló jẹ́ pé Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọn kò bá parí ní ọ́fíìsì, orí fláàṣì ni wọ́n ń gbé e sí wálé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ jáde, olùkọ́ tó fẹ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò àti akọ̀wé ìjọ tó fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìn, ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé ni gbogbo wọn ń gbé fláàṣì lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó ti ní fáírọ́ọ̀sì lè kó o ran gbogbo fláàṣì tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́ lóòjọ́, kí oníkálùkù sì gbé e délé ara rẹ̀.

Ènìyàn ló ń kọ fáírọ́ọ̀sì. Eruku tàbí ooru kì í fà á. Ètò kékeré kan ni, tí wọ́n kọ láti máa bí ara rẹ̀ sí i, kí ó sì máa ṣe ohun tí ẹni tó ni ẹ̀rọ kò rán an. Lọ́dún 1986, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ní ìlú Lahore, lórílẹ̀-èdè Pakistan, kọ èyí tí wọ́n pè ní Brain, òun sì ni àkọ́kọ́ tó tàn kálẹ̀ láàrin àwọn kọ̀ǹpútà IBM àti irú wọn. Díìsìkì pẹlẹbẹ ló ń gbé e kiri nígbà náà. Fláàṣì ló wá rọ́pò díìsìkì.

Èyí tí àwọn tó ń tẹ̀wé mọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ṣọ́tíkọ́ọ̀tì. Bó bá ti wọ fláàṣì, yóò fi ojúlówó fáìlì pamọ́, yóò sì fi àmì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà rọ́pò rẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ àmì yẹn, fáírọ́ọ̀sì yóò jí, yóò sì tún ṣí fáìlì náà kí ọkàn onítọ̀hún lè balẹ̀. Àwọn mìíràn á rò pé iṣẹ́ àwọn ti parẹ́, wọ́n á sì ní kí wọ́n ṣe fómáàtì fláàṣì. Fómáàtì yẹn gan-an ló ń pa iṣẹ́ tó kàn fara pamọ́ run.

Windows ni fáírọ́ọ̀sì ń bá jà jù nínú àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, nítorí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ aráyé; ọjà tó bá kún ni jáwójáwó ń lọ. Windows XP àtijọ́ tilẹ̀ máa ń ṣí ohun tó bá wà lórí fláàṣì fúnra rẹ̀. Conficker, tó jáde lópin ọdún 2008, wà lára àwọn tó gba ọ̀nà yìí wọlé, kó tó di pé Microsoft dí i lọ́dún 2011. Ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, WannaCry ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, ó ń béèrè dọ́là 300 kó tó ṣí fáìlì wọn. Bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹta ọdún náà ni Microsoft ti fi àtúnṣe síta. Àwọn tí kò gbà á ló kó sí wàhálà.

Mac kò bọ́ lọ́wọ́ ewu: lọ́dún 2012, Flashback wọ Mac tó tó 600,000. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991, kì í jẹ́ kí ètò àjèjì fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ láìgba àṣẹ. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ fún Windows kì í sì í sábà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 2016, Mirai wọ kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lo Linux, nítorí pé àwọn olówó wọn kò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ wá. Orí Linux náà ni wọ́n kọ́ Android fóònù lé, àjọ NCC sì kìlọ̀ lọ́dún 2021 nípa FluBot, tó ń ti inú àtẹ̀jíṣẹ́ èké wọ fóònù láti jí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì.

Nítorí náà, bí Linux tilẹ̀ le ju Windows lọ láti wọ̀, ìtọ́jú ló ń dáàbò bo èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ máa gba àtúnṣe. Windows ayédèrú tí wọ́n ti dí ojú ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ilé tí kò nílẹ̀kùn. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10 láti ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025. Ẹni tí kò lágbára láti ra ẹ̀rọ tuntun lè fi Linux Mint tàbí Ubuntu sínú èyí tó wà lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ẹ ní kí àwọn tó ń tẹ̀wé fi áńtífáírọ́ọ̀sì yẹ fláàṣì wò kí wọ́n tó ṣí i, tàbí kí ẹ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí wọn lórí íméèlì. Bí fáìlì bá pòórá, ẹ má ṣe fómáàtì. Ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, fáìlì tó fara pamọ́ sábà máa ń hàn níbẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà iṣẹ́ yín síbòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi iṣẹ́ ọdún kan sórí fláàṣì kan ṣoṣo ti kó gbogbo ẹyin rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ tó ti lu. Ojú tó máa báni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin. Iṣẹ́ tí a óò lò lọ́la, òní là á tọ́jú rẹ̀.