Àpèkọ láti Ẹnu Ìyá dé inú Ẹ̀rọ: Ìtàn Bí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ṣe Ń Di Ìwé ní Rẹ́mọ

Ìfáàrà

Ẹ̀rọ kan ti wà báyìí tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù October 2024, ilé-iṣẹ́ Google kéde pé òun ti fi Yorùbá kún àwọn èdè Áfíríkà tí ènìyàn lè máa sọ tí fóònù yóò sì máa kọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ àti olùdánwò gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àròkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń mú bọ̀ láti ilé lè má jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan máa pe ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn máa kọ ọ́ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò tọpasẹ̀ àṣà náà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti ọ̀dọ̀ ọmọ ilé-ìwé tí ń kọ lẹ́tà fún ìyá rẹ̀, dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ọ́fíìsì, títí dé orí ẹ̀rọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, kíkà tí a ń ka ìwé padà sétí ẹni tí ó pè é ni ó ń sọ ọ́ di ìwé tí a lè gbára lé. Bí a bá fo ìgbésẹ̀ yìí, kò sí akọ̀wé tí iṣẹ́ rẹ̀ lè pé.

Akọ̀wé inú ilé

Ní 1843 ni Àjàyí Crowther tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1875, ìjọ C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó lórí ọ̀nà tí ó yẹ kí a máa gbà kọ èdè náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn èyí, àwọn tí ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ pọ̀ ju àwọn tí ó mọ ọ̀n kọ lọ. Ní Rẹ́mọ bí i ti ibòmíràn, ẹni tí kò mọ̀wé a máa wá ẹni tí yóò bá a kọ ọ́.

Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ni olórí ìjọba náà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, akọ̀wé kò wọ́n nínú ilé mọ́. Ọmọ tí ó bá ti lè di kálàmù mú dáadáa ti di akọ̀wé ìyá rẹ̀ àti ti ìyá-ìyá rẹ̀.

Ìyá yóò jókòó, yóò máa pè é, ọmọ yóò sì máa kọ. Ohun méjì ni ó yẹ kí a kíyè sí níbẹ̀. Èkíní, ẹ̀ka-èdè Rẹ́mọ ni ìyá ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá inú ìwé tí olùkọ́ kọ́ ọmọ ni ọmọ ń kọ. Kí ọ̀rọ̀ tó ti etí dé ọwọ́, ó ti pa aṣọ dà. Èkejì, ìyá kì í gbà kí a lẹ lẹ́tà náà pa láìjẹ́ pé ó gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. "Kà á kí n gbọ́," ni yóò wí. Bí ọmọ bá kà á dé ibi kan, a ní, "Rárá o, n ò wí bẹ́ẹ̀." Ọmọ a pa á rẹ́, a tún un kọ. Ìyá tí kò mọ a yàtọ̀ sí b yìí ni olótùú lẹ́tà náà. Etí rẹ̀ ni ó fi ń ṣe àtúnṣe.

Akọ̀wé ọ́fíìsì

Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ iṣẹ́ akọ̀wé rí. Kí ó tó di agbẹjọ́rò àti olóṣèlú, ó kọ́ ìkọ̀wé kánmọ́kánmọ́ tí àwọn akọ̀wé ń pè ní ṣọ́táàndì, ó sì kọ́ títẹ táìpù. Ó fi ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó sì tún ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn láti 1932 sí 1934. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀gá a máa pe lẹ́tà, akọ̀wé a máa fi ṣọ́táàndì gbà á sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò lọ tẹ̀ ẹ́ ní táìpù.

Ṣọ́táàndì tí ó gbilẹ̀ jù ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí ni ti Isaac Pitman, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1837. Nínú rẹ̀, ìlà ni a fi ń kọ kọ́ńsónáǹtì; àmì kékeré tí a ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ìlà ni a fi ń kọ fáwẹ́lì. Bí akọ̀wé bá ń sáré, ọ̀pọ̀ àmì fáwẹ́lì ni yóò fò. Bí ó bá dé ìdí táìpù, ọgbọ́n orí rẹ̀ ni yóò fi dá wọn padà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí kò pa ẹni tí ó mọṣẹ́ lára púpọ̀.

Àwa náà ní àmì kékeré tiwa tí ẹni tí ń sáré máa ń fò: àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ táìpù tí a ń lò ní ọ́fíìsì kò ní ẹ, ọ àti ṣ, ká má tilẹ̀ sọ ti àmì ohùn. Akọ̀wé tí ó bá bìkítà a máa fi kálàmù sàmì sí i lẹ́yìn tí ó bá yọ ìwé kúrò nínú ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bìkítà a máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí a wo ohun tí ẹni yìí fi sílẹ̀. Bí a bá kọ "oko" láìsí àmì kankan, ó lè jẹ́ oko tí àgbẹ̀ ń lọ, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ jagunjagun, tàbí òkò tí a sọ lu ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni ó há sínú lẹ́tà mẹ́ta. Nítorí irú èyí ni a kò fi lè ka àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sí ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ nìkan.

Ẹ̀rọ tí ó di akọ̀wé

Ní 1952, ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí ó lè dá òǹkà mọ̀ láti oókan dé ẹ̀sán àti òdo bí ènìyàn bá fi ẹnu pè é. Ní 1962, ilé-iṣẹ́ IBM fi èyí tí ó mọ ọ̀rọ̀ 16 hàn níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Seattle. Ní 1997 ni Dragon NaturallySpeaking jáde, tí ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè máa bá sọ̀rọ̀ geere láìdúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti African Languages Technology Initiative tí ó dá sílẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa gbọ́ Yorùbá, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò tíì bìkítà fún èdè wa.

Ẹ̀rọ òde òní kì í mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bí ìyá tàbí akọ̀wé ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ohùn àti ìwé tí ó bá ohùn náà mu kọ́ ọ. Ohun tí ó bá gbọ́, yóò fi wé èyí tí ó ti gbọ́ rí, yóò sì mú ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ jù. Ohùn tí wọ́n fi kọ́ Whisper, tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní 2022, tó wákàtí 680,000, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é fúnra wọn fi hàn pé àṣìṣe rẹ̀ ní Yorùbá pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì. Àkójọ ohùn Yorùbá tí Google fi síta fún gbogbo ènìyàn ní 2020 kò ju wákàtí 4 àti díẹ̀ lọ, láti ẹnu ènìyàn 36.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò ní gíga kan pàtó tí a lè fi wọ̀n wọ́n. Ohùn òkè bàbá arúgbó lè rẹlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lọ. Etí wa ń fi sílébù kan wé èkejì kí ó tó mọ èyí tí ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ìwé Yorùbá tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àmì ohùn. Ẹ̀rọ tí ó bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́ yóò jogún àìbìkítà akọ̀wé àná.

Ti ẹ̀ka-èdè kò gbẹ́yìn. Ṣágámù, tí ọ̀pọ̀ ìlú Rẹ́mọ para pọ̀ tẹ̀ dó ní 1872, ní àwọn àgbà tí Rẹ́mọ ṣì dá ṣáká lẹ́nu wọn. Bí irú wọn bá bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ni yóò fẹ́ fà á sí, bí ọmọ ilé-ìwé ti ṣe láyé ọjọ́un. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọmọ mọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí, ó sì ń kà á padà fún un.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Àwa olùkọ́ mọ bí a ti ń ṣe àpèkọ. A ó kọ́kọ́ ka àyọkà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni a óò máa pè é díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n máa kọ. Ní ìgbà kẹta, a óò tún un kà kí wọ́n lè ṣàtúnṣe. Ìgbà kẹta yìí ni ẹ̀rọ kò ní. Bí ó bá ti kọ tán, ó tán lójú tirẹ̀.

Nítorí náà, kò yẹ kí a lé ẹ̀rọ yìí jáde ní kíláàsì. Olùkọ́ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ pe ìpínrọ̀ kan fún fóònù, kí ó da ohun tí fóònù kọ sórí ìwé, kí ó kà á sókè bí wọ́n ti kọ ọ́ gan-an, kí ó sì fi kálàmù fi àmì tí ó yẹ sí i. Máàkì wà fún àṣìṣe tí ó bá rí, kì í ṣe fún ohun tí ẹ̀rọ kọ. Olùdánwò pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dẹwọ́ lórí àmì ohùn pé ayé ti yí padà. Nígbà tí ọwọ́ ni a fi ń kọ, àmì ohùn ń fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ mọ òfin. Ní báyìí, òun ni ó ń fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà ni a gbà sílẹ̀, ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí níbikíbi, kí a má ṣe pa ohùn náà rẹ́ lẹ́yìn tí ìwé bá jáde. Ìwé lè ṣìnà. Ohùn ni a óò fi tọ́ ọ sọ́nà.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá tí kò mọ̀wé mọ èyí, ìdí nìyẹn tí kò fi gbà kí a lẹ lẹ́tà pa kí ó tó gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ kò ní bi wá pé, "Ṣé bí o ti wí nìyí?" Àwa ni a óò máa kọ́ ọmọ láti bi ara rẹ̀.