Àríṣe ni Àríkà: Ta ni Baba Géèmù Orí Tẹlifíṣọ̀n?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àríṣe ni àríkà, àríkà ni baba ìrègún. Ohun tí ènìyàn bá ṣe ni ayé yóò máa kà nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dàgbà sí i ni mo ń rí i pé òwe yìí kì í tètè ṣẹ lára gbogbo ènìyàn. Ẹlòmíràn a ṣe ohun ribiribi, ayé a sì gbàgbé rẹ̀. Ẹlòmíràn a ṣe ìdajì, wọn a sì ka odidi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìtàn bí géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ṣe di òwò ńlá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Èmi pàápàá jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbàkígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa ayò àti àwọn eré ìdárayá mìíràn, tí a bá wá kan eré òde òní, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé Nolan Bushnell ni baba géèmù. Àṣìsọ ni.

Ralph Baer ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ dárúkọ. Ilẹ̀ Jámánì ni a ti bí i ní ọdún 1922. Júù ni wọ́n nílé wọn, wọ́n sì sá fún ìjọba Hitler lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1938. Ní ọdún 1966, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ Sanders Associates, ó rò ó pé kò yẹ kí ènìyàn kàn jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti máa wò ó lásán. Ó yẹ kí á lè bá a ṣeré. Àpótí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ni ilé-iṣẹ́ Magnavox gbé jáde fún títà ní ọdún 1972, tí wọ́n pè ní Odyssey. Ẹ̀rọ náà kò lè dún, kò sì mọ iye tí oníkálukú jẹ. Àwọn tí ń ṣeré ni yóò máa kà á fúnra wọn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1972 yìí kan náà, Bushnell lọ wo Odyssey níbi tí wọ́n ti pàtẹ rẹ̀ ní California, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àlejò. Kò pẹ́ tí òun àti Ted Dabney fi dá ilé-iṣẹ́ Atari sílẹ̀. Ó ní kí Allan Alcorn ṣe géèmù tẹ́níìsì orí tábìlì, èyí tí wọ́n pè ní Pong. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kìíní sí ilé ọtí kan ní ìlú Sunnyvale, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣeré máa ju owó ẹyọ sí i. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Alcorn lọ tú u wò, ó sì bá a pé owó ni ó kún inú rẹ̀ ní àkúnwọ́sílẹ̀! Ní ọdún 1974, Magnavox gbé Atari lọ sí ilé-ẹjọ́. Ìwé àlejò tí Bushnell fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí sì wà lára ẹ̀rí. Ní ọdún 1976, Atari gbà láti sanwó. Síbẹ̀, orúkọ Atari ni ó gbayé kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù lọ ni Gerald Lawson. Aláwọ̀ dúdú ni, ìlú New York ni a sì ti bí i ní ọdún 1940. Nígbà tí ó wà ní kíláàsì kìíní, àwòrán George Washington Carver, ọ̀mọ̀wé sáyẹ́ǹsì aláwọ̀ dúdú tí a bí sínú oko ẹrú, wà lára ògiri nítòsí ìjókòó rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un pé òun náà lè dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí tí ó fi dàgbà. Ó di ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ Fairchild ní California, wọ́n sì fi í ṣe olórí ẹ̀ka géèmù níbẹ̀.

Ṣáájú àkókò yìí, inú ẹ̀rọ gan-an ni eré máa ń wà. Bí eré náà bá ti sú ọmọdé, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rọ Channel F, tí Lawson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1976, yí èyí padà. Inú ike kékeré ni wọ́n kó eré kọ̀ọ̀kan sí, tí a lè kì bọ inú ẹ̀rọ, kí á sì tún yọ ọ́. Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni èyí, nítorí iná mànàmáná tí ń bẹ lára ènìyàn lásán tó láti ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti ta ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, kí á sì máa ta eré fún oníbàárà kan náà títí lọ. Ìran ike yìí ni èyí tí àwọn ọmọ wa níhìn-ín wá ń pè ní kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí lẹ́nu bí kò bá ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1977, Atari gbé ẹ̀rọ oníkásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jáde, ó sì gba ọjà mọ́ Channel F lọ́wọ́. Orúkọ Lawson wọlẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2011 ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe géèmù tó bu ọlá fún un. Ní oṣù kẹrin, ó dágbére fáyé.

Bí mo ti ń gbèjà Lawson yìí náà, mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Wallace Kirschner àti Lawrence Haskel, ti ilé-iṣẹ́ Alpex, ni ó kọ́kọ́ gbé èrò náà kalẹ̀. Nick Talesfore ni ó ya bí ike náà yóò ṣe rí. Lawson ni ó darí iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ohun tí a lè tà. Bí mo bá gbé orúkọ kan ga tí mo sì tẹ àwọn yòókù rì, kí ni mo ṣe tí ó yàtọ̀ sí ti àtijọ́?

Ní Atari gan-an, wọn kì í kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe eré sára rẹ̀. Nítorí náà ni Warren Robinett ṣe fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ sínú yàrá ìkọ̀kọ̀ kan nínú eré Adventure, láìsọ fún ọ̀gá kankan. Àwọn mẹ́rin mìíràn bínú jáde, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó dá Activision sílẹ̀ ní ọdún 1979, níbi tí orúkọ òṣìṣẹ́ ti wà lára páálí eré rẹ̀.

Nísinsìnyí, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí pé ta ni baba géèmù, èsì mi ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, lẹ́yìn náà ni n óò wá bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ọwọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àríṣe kì í dédé di àríkà. Ó di dandan kí ẹnìkan jókòó kà á. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ máa kà á pé.